Ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn: ṣé swan ni àbí gúùsì? Ẹ bá wa dá sí i

IyaTimi_Ijapo:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé wá lónìí. Ẹyẹ funfun kan wà ní ọgbà ibi tí wọ́n ti ń ṣe páàtì lápá ọ̀dọ̀ wa ní Ìjàpò níbí, ọrùn rẹ̀ gùn, kókó kan wà níwájú orí rẹ̀, tẹ́ẹ bá ti dé ẹnu géètì báyìí á na ọrùn síwájú á máa pariwo tí gbogbo àdúgbò á gbọ́. Àwọn ọmọ mi ní swan ni torí wọ́n rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé wọn. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Leeds náà fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní swan ló wà nínú kánáàlì ẹ̀yìn ilé òun, funfun ni ti ibẹ̀ náà, kókó wà lórí rẹ̀ náà, àmọ́ nígbà tí mo gbé fọ́tò méjèèjì síra wọn ojú mi ò gbà á pé nǹkan kan náà ni wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé mò ń lọ bá ìyàwó àbúrò mi wẹ ọmọ lóṣù kẹrin, èyí tó ti wà nílẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ní ó fẹ́ràn kó máa sáré lọ sétí omi. Nínú fídíò yẹn ẹyẹ náà gbé ìyẹ́ sókè, ó ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ ẹni tó ń yà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa wò tí mo fi máa dá a mọ̀, kí ló dẹ̀ ń bínú sí?

LekelekeAkure:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ti Ìjàpò yẹn, bẹ́ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, gúùsì ni. Kò sí swan tó ń dá gbé nínú igbó tàbí odò wa ní Nàìjíríà níbí. Ilẹ̀ olótùútù ló pọ̀ jù nínú wọn ń gbé: Yúróòpù, apá òkè Éṣíà, Amẹ́ríkà àti Kánádà, lẹ́yìn náà èyí dúdú tó jẹ́ ti Ọsirélíà, àti èyí tí ara ẹ̀ funfun tí ọrùn ẹ̀ dúdú, ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà nìyẹn ń gbé.

Kókó yẹn ló ń dà á pọ̀ mọ́ èèyàn lójú. Ìran gúùsì kan wà tó jẹ́ ti Ṣáínà, òun ló máa ń ní kókó níbi tí àgógó ti pàdé iwájú orí, a dẹ̀ máa ń rí i tí wọ́n ń sìn ín sẹ́nu géètì torí olè. Mute swan tó pọ̀ nílùú òyìnbó náà ní kókó. Àmọ́ ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ mà. Gúùsì funfun yẹn, kókó àti àgógó, àwọ̀ ọsàn kan náà ni méjèèjì. Ti swan, àgógó ló ní àwọ̀ ọsàn, kókó ẹ̀ dúdú kirikiri, dúdú yẹn á wá gba ẹ̀gbẹ́ àgógó lọ títí á fi kan ẹyinjú. Ibi tó wà láàárín ẹyinjú àti àgógó yẹn, ẹ wò ó dáadáa, ti swan awọ lásán ni, kò sí ìyẹ́ níbẹ̀ rárá, ti gúùsì ìyẹ́ ló bò ó.

Tí fọ́tò ò bá mọ́lẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀. Gúùsì funfun yìí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ọsàn. Swan tó ti dàgbà, ẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú tàbí kó rí bí eérú tó ti ń dúdú lọ.

BabaAdiyeOndo:
Ọ̀rọ̀ Lékeléke yẹn pé pérépéré. Èmi ń sin adìyẹ àti gúùsì níbí ní Oǹdó, ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ìrìn. Gúùsì mọ̀ ọ́n rìn, koríko ló ń jẹ kiri láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ lè dà á látàárọ̀ lọ sí ìdí oko kó dẹ̀ rìn padà wálé. Swan, orí omi ni ilé ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ sẹ́yìn lára ẹ̀ torí wíwẹ̀ ló wà fún, tó bá gun òkè á máa rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n náà ò jọra, gúùsì Ṣáínà tó bá tóbi ò ju kílò 5 sí 6 lọ.

Ìyá Tìmí, ti ariwo yẹn, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ sá fún un. Gúùsì tẹ́ẹ bá ń sá fún á lé yín dé ojú títì. Ẹ dúró, ẹ kọjú sí i, kẹ́ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀.

OmoEkimogun_UK:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, Ọlọ́run á sọ ìyá á sọ ọmọ. Ọmọ Oǹdó ni mí, apá Yorkshire níbí ni mò ń gbé, etí kánáàlì tó lọ láti Leeds dé Liverpool yẹn ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, mo dẹ̀ fẹ́ràn àwọn ẹyẹ yìí gan-an ni.

Èyí tó wà níbẹ̀, mute swan ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi o, akọ lè wọn kílò 10 sí 12, tó bá na ìyẹ́ méjèèjì, láti ìkángun kan dé ìkejì á ju mítà 2 lọ. Tí ara bá tù ú, tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ jẹ́jẹ́, ọrùn ẹ̀ á tẹ̀ bíi lẹ́tà S, àgógó á dorí kọ omi, ìyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ara. Tẹ́ẹ bá rí i báyìí ẹ lè dúró wò ó, kò sí wàhálà.

Nísinsìnyí ẹ wá wo èyí tó wà nínú fídíò àbúrò yín. Ó fa ọrùn sẹ́yìn títí orí fi wọ àárín ìyẹ́, ìyẹ́ méjèèjì ga lókè ẹ̀yìn ẹ̀, ó dẹ̀ ń já síwájú, ó ń já síwájú, torí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń wa omi lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ara bá tù ú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fi wà á. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ó ń sọ pé ẹ ti sún mọ́ ibi tí kò fẹ́ kẹ́ẹ dé. Bí ẹ bá tún sún mọ́ ọn á dún ṣììììì, tí ẹ ò bá tún gbọ́ ìyẹn ló máa wá jáde sókè fi apá gbá èèyàn.

Kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ràn ìjà, àsìkò ni. Láti ìparí oṣù kẹta wọ oṣù karùn-ún ni abo máa ń yé, ẹyin 5 sí 7 ló sáábà máa ń jẹ́, á wá sàba lé e fún bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Abo ló ń sàba jù, akọ ló ń ṣọ́ omi, gbogbo ohun tó bá kọjá ló ń yẹ̀ wò, ajá, ọkọ̀ ojú omi, gúùsì, swan mìíràn pàápàá, swan mìíràn ló tiẹ̀ kórìíra jù. Oṣù kẹrin tẹ́ẹ dẹ̀ máa dé yẹn gan-an ni gbogbo ẹ̀ máa ń gbóná. Ìtẹ́ wọn kì í ṣòro rí, òkìtì ńlá tí wọ́n fi esùsú àti koríko kó jọ létí omi ni. Tẹ́ẹ bá rí òkìtì yẹn, ẹ gba ìhà kejì kánáàlì tàbí kẹ́ẹ gbé ọmọ yẹn sí ẹ̀yìn tàbí sínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ títí ẹ máa fi kọjá. Ẹ má fi sílẹ̀ kó sáré o.

Wọ́n á sọ fún yín níbí pé swan lè fi apá kán èèyàn lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Egungun apá ẹyẹ fúyẹ́, ihò ló wà nínú ẹ̀, àgbàlagbà tó lera ò lè kán lọ́wọ́ torí ẹ̀ bọ̀rọ̀. Àmọ́ á dun èèyàn, á dẹ̀ gbé ọmọ kékeré ṣubú sómi, ìyẹn ni kẹ́ẹ bẹ̀rù.

TisaOkeAro:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bi Lékeléke ní nǹkan kan. A kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa lọ wo dáàmù Ọ̀wẹnà, a rí ẹyẹ funfun kan tó ga, ọrùn ẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, òun nìkan ló dúró sínú omi tí kò jìn. Àwọn kan ní lékeléke ni àmọ́ ó tóbi ju lékeléke lọ dáadáa. Ẹ̀yin lẹ wá sọ pé kò sí swan ní Nàìjíríà.

LekelekeAkure:
Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ yín ti tú ara ẹ̀: ẹ ní ó DÚRÓ sínú omi. Swan kì í dúró sínú omi bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, ṣe ló ń léfòó. Ẹbí lékeléke ni èyí tẹ́ẹ rí, èyí tó tóbi jù nínú àwọn funfun, great egret ni orúkọ ẹ̀ lédè òyìnbó. Ẹja ló dúró dè. Lékeléke gan-an tó ń tẹ̀ lé màlúù kiri kúrú sí i, àgógó ẹ̀ pupa rúsúrúsú, tata àti kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù bá tú sókè ló ń ṣà jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fún àwọn ọmọ yín ní ohun tí wọ́n lè fi mọ̀ ọ́n kódà tó bá jìnnà lójú ọ̀run. Gbogbo ẹbí lékeléke, tí wọ́n bá ń fò, wọ́n máa ń ká ọrùn mọ́ àyà, ẹsẹ̀ gígùn wọn á yọ gbọọrọ sẹ́yìn. Swan àti gúùsì àti pẹ́pẹ́yẹ máa ń na ọrùn síwájú tààrà. Mo ti dúró lórí bíríìjì odò Àlà nírọ̀lẹ́ tí lékeléke ń padà lọ sórí igi tí wọ́n ń sùn, ẹ máa rí i kedere, ọrùn ti pòórá, orí àti àgógó nìkan lẹ máa rí níwájú.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ rí ẹbí swan tó tóbi jù ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, gúùsì kan wà lókè Ọya tí òyìnbó ń pè ní spur-winged goose, ara ẹ̀ dúdú, àyà ẹ̀ funfun, àgógó ẹ̀ pupa, ẹ̀gún wà ní igun ìyẹ́ ẹ̀. Ó wà lápá irà Hadejia àti Nguru lọ́hùn-ún. Òun ni kò sí ẹyẹ omi irú wọn tó tóbi tó o ní Áfíríkà.

Wura_Ontario:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti Kánádà kún un torí ẹni tó bá kà á tó wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ti Leeds yẹn ò ní tó fún un. Níbí, swan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, àgógó ẹ̀ dúdú látòkè délẹ̀, kò sí kókó. Trumpeter ni wọ́n ń pè é torí ohùn ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹni ń fọn fèrè láti òdìkejì adágún. Kò sí ẹyẹ omi ìran wọn tó tóbi tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán torí ẹran àti ìyẹ́ ẹ̀, ní 1935, yàtọ̀ sí Alaska, 69 péré ni wọ́n mọ̀ pé ó kù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní Ontario níbí kò tiẹ̀ kù ọ̀kan, ọdún 1980 àti díẹ̀ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Tí mo bá rí i lórí omi nínú yìnyín, inú mi máa ń dùn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ, ẹyẹ tó ti fẹ́ parun.

Ìkejì ẹ̀ ni tundra, ó kéré sí i, àgógó dúdú náà ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àmì rúsúrúsú kékeré kan níwájú ẹyinjú. Ẹ máa rí mute swan alágògógó ọsàn níbí náà o, àwọn òyìnbó ló kó o wá láti Yúróòpù láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ adágún, ó wá ń lé àwọn onílẹ̀ kúrò.

OmoEkimogun_UK:
Ẹ ṣeun àǹtí Wúrà. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń bọ̀ níbí nígbà òtútù, láti oṣù kẹwàá wọ oṣù kẹta, ẹ máa rí méjì mìíràn lórí pápá àti irà. Whooper ń wá láti Iceland, Bewick's ń wá láti òkè Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún níbi tí yìnyín wà. Àwọn méjèèjì ò ní kókó, àgógó wọn dúdú pẹ̀lú yẹ́lò, ọrùn wọn á dúró gbọọrọ, kò ní tẹ̀. Whooper ló tóbi jù, yẹ́lò ẹ̀ gùn ó dẹ̀ ṣe ṣóńṣó kọjá ihò imú. Ti Bewick's, yẹ́lò ẹ̀ kúrú, ó ṣe roboto, kì í dé ihò imú. Yẹ́lò yẹn ò jọra láàárín Bewick's méjì, bẹ́ẹ̀ ni Peter Scott, òyìnbó onímọ̀ ẹyẹ kan, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú wọn ní Slimbridge, ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹyẹ omi ní England, ní 1964, ó ń fi àgógó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀, ó ń sọ wọ́n lórúkọ, lọ́dún tó tẹ̀ lé e tí wọ́n bá padà wá ó mọ ẹni tó dé àti ẹni tí kò dé.

Ohùn náà ẹ lè fi mọ̀ wọ́n. Whooper ń ké lójú ọ̀run. Mute swan kì í ké lójú ọ̀run, àmọ́ ìyẹ́ ẹ̀ máa ń hun wùù-wùù-wùù, ẹ máa gbọ́ ọ kẹ́ẹ tó gbójú sókè.

Dayo_FUTA:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ gan-an níbí. Ìbéèrè mi: ṣé lóòótọ́ ni pé swan kì í fi ọkọ tàbí aya ẹ̀ sílẹ̀ títí ikú? Àti pé kí ló dé tí mo máa ń rí fọ́tò swan tí àwọ̀ ẹ̀ dà bí eérú pọ̀ mọ́ ti funfun?

OmoEkimogun_UK:
Dáyọ̀, wọ́n máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn, ọ̀pọ̀ ọdún, omi kan náà ni wọ́n á tún padà sí láti tún ìtẹ́ ṣe. Àmọ́ àwọn kan máa ń pínyà, pàápàá tí ẹyin wọn bá bàjẹ́, tí ìkejì bá dẹ̀ kú, èyí tó kù sábà máa ń fẹ́ mìíràn. Bewick's ni kì í sábà kọ ara wọn.

Èyí tó rí bí eérú yẹn, ọmọ ni. Tí wọ́n bá jáde látinú ẹyin ní oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, ìyẹ́ wọn múlọ́múlọ́ bí eérú, ọjọ́ kejì wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìyá wọ omi, àwọn mìíràn á gun ẹ̀yìn ìyá tàbí bàbá, ìyá á pọ̀n wọ́n lọ. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni wọ́n á tó lè fò. Àwọ̀ eérú yẹn ń di funfun díẹ̀díẹ̀ ni, àgógó wọn kọ́kọ́ máa ń rí bí eérú náà kó tó di ọsàn. Lẹ́yìn náà bàbá tó ń dáàbò bò wọ́n ló máa lé wọn lọ fúnra ẹ̀, wọ́n á lọ kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwọn lórí adágún ńlá, tó bá pé bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin wọ́n á tó máa yé tiwọn. Nítorí náà tẹ́ẹ bá rí ọ̀pọ̀ swan lójú kan tí wọn ò bá ara wọn jà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni.

Lóṣù keje sí kẹjọ ìyẹ́ tí wọ́n fi ń fò á re lẹ́ẹ̀kan náà, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọn ò lè fò. Ẹ máa rí ìyẹ́ funfun ńláńlá lórí omi nígbà yẹn, kò túmọ̀ sí pé nǹkan ti pa wọ́n.

IyaTimi_Ijapo:
Háà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gan-an. Mo ti lọ wo ti Ìjàpò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ ẹ̀ àwọ̀ ọsàn ni lóòótọ́, kókó ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ dẹ̀ wà láàárín ẹyinjú àti àgógó. Gúùsì ni. Ó ku ti oúnjẹ, ọmọ yẹn fẹ́ràn kó máa ju búrẹ́dì sómi, ṣé ó burú? Àti pé ìyàwó àbúrò mi sọ pé ọ̀kan nínú àwọn swan yẹn ti rọ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti yà sẹ́yìn ó gbé e lé ẹ̀yìn ara ẹ̀, ó ń ṣàánú ẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ mú un.

BabaAdiyeOndo:
Ti búrẹ́dì, ohun tí mo mọ̀ lára ẹyẹ ni pé búrẹ́dì tó bá ti bu, kẹ́ẹ má fún wọn rárá. Àgbàdo dára fún wọn jù.

OmoEkimogun_UK:
Baba sọ òótọ́. Búrẹ́dì tó dára díẹ̀ ò pa wọ́n, èyí tó ti bu ló ń pa wọ́n. Ewéko inú omi ni oúnjẹ wọn gan-an, wọ́n á dorí kodò, ìdí á wà lókè, ọrùn á wọ ìsàlẹ̀ lọ fà á tu. Letéèsì tẹ́ẹ gé wẹ́wẹ́ tàbí àgbàdo lẹ lè fún ọmọ yẹn kó jù. Orí omi ni kó jù ú sí o, kó má jù ú sórí ilẹ̀, tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ wọ́n á jáde wá bá a, ìyẹn ni wàhálà.

Ti ẹsẹ̀ yẹn, ẹ sọ fún ìyàwó wa kó fọkàn balẹ̀. Swan máa ń gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn lé ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti sinmi tàbí láti fi ṣètò ooru ara ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ń pe àwọn tó ń tọ́jú ẹranko torí ẹ̀. Ẹ má ṣe mú un. Òfin 1981 wà níbí tó dáàbò bo swan, ìtẹ́ ẹ̀ àti ẹyin ẹ̀, tẹ́ẹ bá mú un ẹ lè rí ìjà òfin. Mute swan tí kò ní àmì ẹnikẹ́ni nínú omi gbangba, ọba England ló ni ín, lóṣù keje lọ́dọọdún wọ́n máa ń kà wọ́n lórí odò Thames, wọ́n á wọn àwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n á yẹ ara wọn wò bóyá ìwọ̀ apẹja wà lára wọn. Nígbà kan òjé tí àwọn apẹja fi ń mú ìwọ̀ wúwo ló ń pa wọ́n, wọ́n ń gbé e mì pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, ìjọba wá fòfin de títà òjé kéékèèké yẹn ní 1987, iye wọn dẹ̀ tún gòkè.

Nígbà tó yẹ kẹ́ẹ pe RSPCA, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko níbí, ni tí okùn ìwọ̀ bá wé mọ́ àgógó tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wà, tí orí ẹ̀ ń mì tí kò lè gbé ọrùn dúró, tàbí tó bà sórí títì. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òjò, títì tó tutù ń dán, wọ́n á rò pé odò ni, wọ́n á bà síbẹ̀, wọn ò dẹ̀ ní lè gbéra mọ́ torí pé wọ́n nílò àyè gígùn tí wọ́n á fi sáré kí wọ́n tó gòkè. Ti òkú, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án rárá torí bird flu, kẹ́ẹ dẹ̀ fa ọmọ yẹn mọ́ra.

Ti ẹsẹ̀ tó gbé sẹ́yìn yẹn, kí ìyàwó wa kàn dúró wò ó díẹ̀. Tó bá ń fi èkejì wa omi lọ tààrà, tó ń jẹun, tó ń tún ìyẹ́ ara ẹ̀ ṣe, kò sí nǹkan tó ṣe é, á sọ ẹsẹ̀ yẹn kalẹ̀ fúnra ẹ̀.